Ẹ̀jẹ̀ kò gòkè, ẹsẹ̀ ń kú tipiri, síńkì ń wọlé lójoojúmọ́: ẹ jẹ́ ká yẹ kọ́pà wò

ỌmọKubwa · Ajé, 9:10 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun o, ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin onímọ̀ ìlera tó wà ní Àbújá àti gbogbo òkè Ọya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ bàbá kan ládùúgbò wa ní Kubwa. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kú tipiri láti ọmọ ìka dé orúnkún, wọ́n sì máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. PCV wọn (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 24, sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 2.1, neutrophil inú rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bá kòkòrò jà, jẹ́ 0.7. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ B12, wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin fún oṣù mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò HIV àti ti ṣúgà kò rí nǹkan kan. Ní báyìí wọ́n ti ní kí wọ́n wá fa mùdùnmúdùn egungun wọn wò, pé ó lè jẹ́ àrùn mùdùnmúdùn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ike síńkì 50 mg tó wà lórí tábìlì wọn. Láti ìgbà kòrónà ni wọ́n ti ń lo hóró méjì lóòjọ́. Ẹnì kan ní síńkì máa ń lé kọ́pà, èròjà bàbà tí ara ń rí nínú oúnjẹ, kúrò lára. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la ṣe ń mọ̀, kí sì ni ṣíṣe?

ApoògùnGwarimpa · Ajé, 9:48 àárọ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Hóró méjì ti 50 mg, 100 mg nìyẹn lóòjọ́. Ohun tí ara ọkùnrin àgbàlagbà nílò kò ju 11 mg lọ, ti obìnrin 8 mg. Òdiwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láìsí àṣẹ dókítà ni 40 mg, oúnjẹ àti oògùn pa pọ̀. Bàbá ti wà lórí ìlọ́po méjì àbọ̀ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí síńkì bá pọ̀ nínú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo ògiri ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ metallothionein lọ́pọ̀lọpọ̀. Síńkì ló ní kí wọ́n pèsè rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́pà ni èròjà náà máa ń dì mú ṣinṣin jù. Kọ́pà inú oúnjẹ á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, á há síbẹ̀, kò ní ráyè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sẹ́ẹ̀lì yẹn á re dànù, òun àti kọ́pà inú rẹ̀ á jọ bá ìgbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò láti máa lo síńkì láàárọ̀, kéèyàn wá lo kọ́pà lálẹ́ pé wọn ò ní pàdé. Pańpẹ́ náà ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì kí kọ́pà tó dé.

Ẹ bá wọn ka ẹ̀yìn gbogbo páálí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Hóró tí wọ́n kọ "zinc sulfate 220 mg" sí lára, síńkì gan-an inú rẹ̀ jẹ́ 50 mg. Èyí tí wọ́n kọ "zinc gluconate 70 mg" sí, síńkì inú rẹ̀ kò ju 10 mg lọ. Àwọn kan sì ń kọ "zinc 50 mg", síńkì gan-an ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣírò èyí tó wà nínú oògùn fítámì, oògùn agbára ọkùnrin, oògùn ọ̀fìnkìn olómi tó ń hó nínú kọ́ọ̀bù, àti àtè tí àwọn tó ń lo eyín àtọwọ́dá fi ń lẹ eyín, torí síńkì máa ń wà nínú àwọn kan lára wọn. Ẹ kó gbogbo ike àti páálí sínú ọ̀rá kan, kí bàbá gbé e lọ síwájú dókítà. Ẹ má ṣe ka orúkọ fún un lórí fóònù.

Àwọn tó ṣe oògùn ojú àgbàlagbà tó ní síńkì 80 mg mọ ewu yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ́pà 2 mg sí i. Síńkì tí wọ́n ń tà ní ike lásán kì í sábà ní i.

DókítàIṣan_KD · Ajé, 12:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, apoògùn wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti iṣan, torí ibẹ̀ ni kò gba ìdúró.

Tí kọ́pà bá gbẹ lára, okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń bàjẹ́, pàápàá apá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé ìmọ̀lára ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Bó ṣe ń rí jọ ti ẹni tí B12 kò tó lára rẹ̀ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Neeraj Kumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ síta kedere ní 2004. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú tipiri, á máa ta bí abẹ́rẹ́. Ẹni náà á wá dẹni tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà mọ́ àfi tó bá wò ó. Ẹsẹ̀ lè tún le gan-an, kí orúnkún máa fò tí a bá fi òòlù kékeré kàn án. Ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ náà á máa ṣú.

Ohun tí ẹ lè kíyè sí nílé rèé: ìgbà tí bàbá bá ń bọ́jú. Tí wọ́n bá bomi sójú, tí wọ́n dijú, ṣé ara wọn ń fì, ṣé wọ́n ń wá ògiri dì mú? Ojú ló ti ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ojú bá ti pa dé, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ara pé òun ń ṣubú lọ. Ohun kan náà ló ń fa títa gọ́ọ́gọ́ọ́ nínú òkùnkùn. Títí tí nǹkan yóò fi yé wa, ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn torí iná tó ń lọ lóru, ẹ ká ẹní kéékèèké kúrò nílẹ̀, kí wọ́n máa jókòó wẹ̀, kí wọ́n sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́, torí ìṣó lè gún wọn kí wọ́n má mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di ẹrù lé síńkì nìkan lórí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, ohun tó lè fà á pọ̀: B12, àrùn sífílísì (syphilis) tó ti pẹ́ lára, HIV, kòkòrò HTLV-1, ọtí líle, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ́ isoniazid láìfi B6 sí i, àti májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ṣèwádìí rẹ̀ lágbègbè Ẹ̀pẹ́ láyé ọdún 1960. Egungun ọrùn tó ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ náà wà ńbẹ̀, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn. Nítorí náà, MRI ọrùn àti ẹ̀yìn ṣe pàtàkì. Nínú àìtó kọ́pà, ó lè fi ilà funfun hàn lápá ẹ̀yìn okùn ọrùn, ó sì lè jáde láìní àbàwọ́n rárá. MRI tó mọ́ kò pa kọ́pà rẹ́.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, tí ìtọ̀ kò bá ṣeé dá dúró mọ́ tàbí tó há, ẹ má dúró de èsì kankan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n wọ ilé ìwòsàn ńlá.

LáàbùZaria · Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Èmi á sọ ti àyẹ̀wò, torí mélòó-mélòó la ti rí tí wọ́n ṣe é, tí èsì rẹ̀ sì ṣini lọ́nà.

Nǹkan márùn-ún ni kí ẹ ní kí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: kọ́pà inú omi ẹ̀jẹ̀, ceruloplasmin (èròjà tó ń gbé kọ́pà), síńkì, B12 àti CRP, tó máa ń ga nígbà tí àìsàn bá wà lára. Kọ́pà àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 70 sí 140 mcg/dL, ceruloplasmin láàárín 20 sí 35 mg/dL, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí láàbù yín tẹ̀ sórí ìwé ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ẹyọ ìwọ̀n tí wọ́n kọ: láàbù mìíràn ń lo µmol/L. Ẹ fi 6.35 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di mcg/dL. Ẹni tó rí "12" tó ń pariwo pé kọ́pà ti tán, tó bá jẹ́ µmol/L ni, 76 nìyẹn, kò burú.

Kí ló dé tí CRP fi wà níbẹ̀? Torí ceruloplasmin, tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́pà ẹ̀jẹ̀, máa ń gòkè nígbà tí àìsàn bá wà lára: ibà, egbò, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oyún ń gbé e gòkè, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen náà ń gbé e gòkè. Ẹni tí kọ́pà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lè wá gba èsì tó dà bíi pé ó dára torí pé ibà ń ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n fà á. Tí CRP bá ga, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí ara bá balẹ̀.

Ìgò tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà sí kì í ṣe ìgò lásán. Aláwọ̀ búlúù tó ki (royal blue) ni, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn èròjà kéékèèké, torí síńkì wà lára rọ́bà ìdérí ọ̀pọ̀ ìgò lásán, yóò sì ba èsì síńkì jẹ́. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kún kí wọ́n tó kún àwọn ìgò yòókù. Ọ̀pọ̀ láàbù ní òkè Ọya kì í ṣe kọ́pà fúnra wọn, ńṣe ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè pé irú ìgò wo ni wọ́n ń lò, ọjọ́ wo ni wọ́n ń kó o lọ, ìgbà wo ni èsì ń padà.

Ní ti neutrophil: ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wa kéré ju ti òyìnbó lọ láìṣàìsàn kankan, torí pé àmì Duffy kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Ẹni tó bá ní 1.3 láti kékeré, tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n 0.7 pẹ̀lú PCV 24 kì í ṣe ti àbínibí. Ẹ wá èsì FBC (kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) wọn àtijọ́ kí ẹ fi wé e.

DókítàIṣan_KD · Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Láàbù. Mo fẹ́ fi kan kún un: kọ́pà tó lọ sílẹ̀ àti ceruloplasmin tó lọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí àìtó kọ́pà nìkan. Àrùn Wilson náà máa ń mú àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí kọ́pà kún ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ fọ́fọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fún un ní kọ́pà, ẹ ti ṣe é léṣe. Ìtọ̀ wákàtí 24 ló ń là á: nínú àrùn Wilson kọ́pà inú ìtọ̀ máa ń pọ̀, ó sábà máa ń kọjá 100 mcg, nínú àìtó kọ́pà yóò kéré. Ní ọjọ́ orí bàbá yìí, pẹ̀lú síńkì tí wọ́n ń lò, Wilson jìnnà. Ọmọ ogún ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ojú rẹ̀ sì pọ́n lọ̀rọ̀ mìíràn.

ỌmọKubwa · Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí nìdí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin kò fi gbé PCV gòkè? Ṣé kí bàbá fagi lé àyẹ̀wò mùdùnmúdùn ni?

LáàbùZaria · Ajé, 8:50 alẹ́

Ti irin kọ́kọ́. Kọ́pà ló wà nínú ceruloplasmin àti hephaestin, àwọn méjì yìí ló sì ń yí irin padà sí irú èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀, transferrin, lè gbé. Tí kọ́pà kò bá sí, irin á wà nínú ìfun, á wà nínú ẹ̀dọ̀, kò ní dé mùdùnmúdùn tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Ferritin, tó ń fi irin tí ara kó pamọ́ hàn, lè dára, ó tiẹ̀ lè ga, kí PCV ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí: ní 1928 ni Hart, Steenbock, Waddell àti Elvehjem fi hàn lára eku pé irin nìkan kò wo àìtó ẹ̀jẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi kọ́pà kún un. Irin tó pọ̀ jù tún lè dí kọ́pà lọ́wọ́, nítorí náà kí wọ́n má kàn máa fi hóró irin kún hóró irin.

MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó, kò ní là á fún yín o. Ó lè kéré, ó lè ga, ó lè wà láàárín.

Ti mùdùnmúdùn: ẹ má fagi lé ohunkóhun láìbá dókítà ẹ̀jẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kàn ní kí kọ́pà àti síńkì ṣíwájú, torí ẹ̀jẹ̀ ìgò kan kò tó ohun tí abẹ́rẹ́ egungun jẹ́. Tí wọ́n bá ti ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún àwòrán náà wò: ihò wẹ́wẹ́ tó ṣófo nínú àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun, pẹ̀lú irin tó yí sẹ́ẹ̀lì ká bí òrùka. Àmì kọ́pà nìyẹn. Àwọn tí kò mọ̀ ti ń pè é ní àrùn mùdùnmúdùn tó ń di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé dídá síńkì dúró àti kọ́pà díẹ̀ lóògùn rẹ̀.

AbíyèMinna · Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè po òkúta búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà mọ́ omi díẹ̀ kó máa mu ún? Àti pé kọ́ọ̀bù bàbà tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ oníbàbà ń fún ara ní kọ́pà?

ApoògùnGwarimpa · Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Rárá o, Abíyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dábàá rẹ̀. Òkúta búlúù, copper sulphate ni, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa àrùn èbu lára irúgbìn. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan jẹ́ kọ́pà. Ẹ̀kúnwọ́ ṣíbí tíì kan ti ju gíráàmù kan kọ́pà lọ, ohun tí ara nílò kò sì ju 900 mcg lọ lóòjọ́ (1,000 mcg ni 1 mg): ìyẹn kò tó ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀ kan. Ẹni tó bá mu ún á máa bì èébì aláwọ̀ búlúù, ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn á bó, sẹ́ẹ̀lì pupa á máa fọ́, kíndìnrín á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń pani. Kó sì tún jẹ́ tọjà, ẹ ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ̀gbà ọwọ́ kò ṣe nǹkan kan. Kọ́ọ̀bù bàbà lè tú kọ́pà sínú omi, pàápàá tí ohun tó kan bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń tú, a kò sì lè fi ohun tí a kò lè wọ̀n tọ́jú aláìsàn.

DókítàIṣan_KD · Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ìtọ́jú wá, tí èsì bá fi hàn pé kọ́pà ló lọ sílẹ̀ tí síńkì sì ga.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí síńkì dúró pátápátá. Bí wọ́n kò bá dá a dúró, kọ́pà tí wọ́n bá gbé mì á máa bá ìgbẹ́ lọ ni. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tọ̀ fún kọ́pà ẹlẹ́nu ni 8 mg lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, 6 mg ní ọ̀sẹ̀ kejì, 4 mg ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn náà 2 mg lóòjọ́ títí tí dókítà yóò fi ní ó tó. Kọ́pà gan-an ni iye yìí, kì í ṣe ìwúwo iyọ̀ rẹ̀. Hóró 2 mg ló wọ́pọ̀, torí náà mẹ́rin lóòjọ́ ni ọ̀sẹ̀ kìíní. Tí ikùn bá ń rú, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ìfun rẹ̀ kò gba nǹkan, tàbí tí ìrìn rẹ̀ ń yára bàjẹ́, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò gbà fún un, 2 sí 4 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ní ilé ìwòsàn.

Kí wọ́n tún FBC àti kọ́pà ṣe ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń tètè dáhùn: neutrophil á gbérí, PCV á tẹ̀lé e, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjìlá ó sábà máa ń padà sípò. Tí kò bá gbérí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá síńkì ṣì ń wọlé láti ibì kan, torí síńkì tó ti pọ̀ lára náà kì í tètè jáde.

Iṣan kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí kọ́pà ń ṣe fún okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni pé ó ń dá ìbàjẹ́ dúró. Kíkú ẹsẹ̀ lè dín kù díẹ̀, ìrìn kì í sábà padà sí bó ṣe wà. Oṣù tí wọ́n bá fi ń fi irin àti B12 wá a kiri, okùn ló ń san gbèsè rẹ̀. Kí bàbá bẹ̀rẹ̀ fisiotẹ́rápì láti ìsinsìnyí, kí wọ́n má dúró de èsì.

Tó bá wá jẹ́ pé síńkì kò ga? Ẹ béèrè iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ torí ọgbẹ́ inú tàbí tí wọ́n dín ikùn rẹ̀ kù torí sísanra, inú ikùn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tí wọ́n yọ yẹn ni kọ́pà ti ń wọlé. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì ní wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti so wọ́n pọ̀. Àrùn sẹ́líákì, tí àlìkámà ń ba ìfun jẹ́, náà wà, àti ẹni tó pẹ́ lórí oúnjẹ ojú iṣan láìsí kọ́pà nínú rẹ̀.

OlóúnjẹWuse · Ìṣẹ́gun, 3:22 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti oúnjẹ. Oúnjẹ nìkan kò lè wo ẹni tó ti dé ibi tí bàbá dé, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀dọ̀ rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń jẹ oúnjẹ òkè Ọya bó ṣe yẹ, kò sí ìdí tí kọ́pà fi máa wọ́n ọn. Àgbàlagbà nílò 900 mcg lóòjọ́, aláboyún 1,000, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú 1,300.

Ẹ̀dọ̀ màlúù ló ṣíwájú gbogbo wọn: 100 gíráàmù tí a sè ní bíi 14 mg. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti pọ̀ tó. Aláboyún kí ó má fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún oyún. Lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ ni yànmọ̀tí, tí àwọn Hausa ń pè ní rídì: 100 gíráàmù ní bíi 4 mg, ó sì pọ̀ lọ́jà wa bí iyẹ̀pẹ̀. Kajú ní bíi 2.2 mg, ẹ̀wà sóyà gbígbẹ bíi 1.7, ẹ̀pà bíi 1.1, ẹ̀wà lásán bíi 0.8. Ẹ̀kúnwọ́ kajú kan, 30 gíráàmù, ti ju ìdajì ohun tí ara nílò lóòjọ́ lọ. Kúlíkúlí àti àwàrà náà wà ńbẹ̀, jéró inú fúrá náà wà ńbẹ̀.

Ohun tí kò ní in ni wàrà. Nónò dára fún egungun, ṣùgbọ́n kọ́pà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìrẹsì funfun àti gàárì náà kò ní púpọ̀.

ÌyáÌbejìLugbe · Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀rù ti ń bà mí o. Àwọn ọmọ wa ńkọ́, tí wọ́n ń fún ní síńkì torí ìgbẹ́ gbuuru? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ SS náà ń lo síńkì.

Nọ́ọ̀sìKatsina · Ọjọ́rú, 6:55 àárọ̀

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Síńkì ìgbẹ́ gbuuru, ẹ máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ọmọ oṣù mẹ́fà sókè, hóró 20 mg kan lóòjọ́, èyí tí kò tó oṣù mẹ́fà, ìdajì rẹ̀, 10 mg. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, pẹ̀lú omi ORS, kí ẹ sì parí rẹ̀ bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ dúró. Ìyẹn kì í fa àìtó kọ́pà. Ohun tí a ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá ni kí wọ́n má sọ ọ́ di fítámì ojoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀ torí pé ọmọ ń jẹun sí i.

Ti ọmọ SS: bó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ gbé ike náà lọ, kí ẹ béèrè iye mg tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò yẹ kọ́pà wò. Ara ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tí wọ́n ń fún ní síńkì púpọ̀ ni Prasad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àìtó kọ́pà yìí, wọ́n sì kọ ọ́ síta ní 1978. PCV ọmọ SS kì í ga tẹ́lẹ̀, torí náà tó bá tún ń lọ sílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun náà ń lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní àìsàn rẹ̀ ni.

Ibi tí kọ́pà ti ń jẹ mí lọ́kàn jù ní ìhà tiwa níbí ni ọmọ tí ebi ti pa kọjá ààlà. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oyún ni ọmọ ń kó kọ́pà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù tó pé kò rí kó, tí wọ́n bá wá ń fi wàrà màlúù nìkan bọ́ ọ, kò sí ibi tí yóò ti rí i. Ní Peru ni Cordano àti Graham ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi wàrà gbé dìde, ní 1964. Ọmọ á máa sanra padà, ẹ̀jẹ̀ kò ní gòkè, neutrophil á lọ sílẹ̀, egungun á rọ, ó tiẹ̀ lè ṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni lù ú.

Ìdí nìyẹn tí kọ́pà fi wà nínú F-75 àti F-100, wàrà tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti nínú oúnjẹ ẹ̀pà inú sàṣẹ́ẹ̀tì: 100 gíráàmù ti inú sàṣẹ́ẹ̀tì ní 1.4 sí 1.8 mg kọ́pà, àti síńkì 11 sí 14. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n kò nílò àfikún. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń po wàrà, ṣúgà àti òróró fúnra wọn láìsí àpòpọ̀ èròjà, ìlànà WHO ni kọ́pà 0.3 mg àti síńkì 2 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Àwọn kan ń rántí síńkì, wọ́n ń gbàgbé kọ́pà. Irin ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àfi tí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa tó sì ń sanra.

OníṣègùnẸranJos · Ọjọ́rú, 10:12 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ kúkúrú láti ọ̀dọ̀ àwa oníṣègùn ẹran: ẹ má rà kọ́pà tí wọ́n ń tà fún màlúù fún èèyàn. Òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti màlúù, àgùntàn pàápàá ń kú tó bá jẹ ẹ́. Nínú ẹran, molybdenum àti sọ́fà inú koríko ni wọ́n ń pàdé nínú àpò àpọ̀jẹ tí wọ́n sì ń dì kọ́pà mọ́lẹ̀. Ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí tí kò lè gbé ìdí dìde, kọ́pà ni ẹ kọ́kọ́ rò. Èèyàn kì í jẹ àpọ̀jẹ, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

ỌmọKubwa · Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Mo ti bá ọmọ bàbá sọ̀rọ̀. Síńkì ti dúró láti àná, wọ́n sì ti kó gbogbo páálí jọ. Síńkì tún wà nínú oògùn fítámì kan, 15 mg. Kí ni kí wọ́n ní kí dókítà kọ sórí ìwé láàbù lọ́la?

LáàbùZaria · Ọjọ́rú, 2:04 ọ̀sán

Kí ó kọ: serum copper, ceruloplasmin, serum zinc, vitamin B12, CRP, FBC pẹ̀lú àwòrán ẹ̀jẹ̀, ferritin, VDRL (àyẹ̀wò sífílísì). Sábẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ pé bàbá ń lo síńkì 115 mg lóòjọ́, ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró, àti abẹ́rẹ́ B12 tí wọ́n ti gbà, torí B12 inú ẹ̀jẹ̀ yóò ga lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kò sì ní sọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ ni kí wọ́n lọ, kí ọ̀sẹ̀ má bàa parí mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́. Ìgò búlúù ṣíwájú.

DókítàIṣan_KD · Ọjọ́rú, 2:20 ọ̀sán

Kí wọ́n má sì bẹ̀rẹ̀ kọ́pà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Gbàrà tí wọ́n bá ti fà á, kí dókítà wọn pinnu bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pẹ̀lú síńkì tó pọ̀ tó báyìí, neutrophil 0.7 àti ìrìn tó ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ wa kò ní dúró de èsì ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ibà bá mú wọn láàárín yìí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́místì, torí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn kò tó láti bá kòkòrò jà.